A ti ra firewall, fáírọ̀sì ṣì kó gbogbo kọ̀ǹpútà wa: ṣé ká ra èyí tó jù ú lọ ni?

Ìbéèrè yìí dé ọwọ́ mi láti ọ̀dọ̀ alákòóso ilé ìwòsàn aládàáni kan ní agbègbè Ring Road, n'Ìbàdàn níbí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ká ra firewall, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, owó gidi la sì ná sí i. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn aláìsàn ṣí fáìlì kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí email. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, fáìlì kankan ò ṣeé ṣí mọ́ níbi ìsanwó, ní láàbù, níbi tí a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, àti lórí server fúnra rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ìyókù ń kó fáìlì sí. Wọ́n ní ká sanwó ká tó rí nǹkan wa gbà. Firewall náà wà níbẹ̀, iná ń tàn lára ẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹni tó tà á fún wa ní èyí tí a rà ló kéré, ká ra èyí tó jù ú lọ. Ọ̀gá wa ní gbájúẹ̀ ni. Kí n má gbàgbé: kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù ṣì ń lo Windows 7, ọ̀gá wa máa ń wo kámẹ́rà ilé ìwòsàn lórí fóònù rẹ̀ látilé, Wi-Fi kan náà ni gbogbo wa sì ń lò, títí kan aláìsàn tó bá béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ká gbà gbọ́?"

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá sí àríyànjiyàn tó wà láàárín ọ̀gá yín àti ẹni tó ta firewall, torí ó jọ pé ibẹ̀ ló ká yín lára jù. Àwọn méjèèjì ń wo ẹ̀rọ kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe so gbogbo kọ̀ǹpútà yín pọ̀ mọ́ra ló yẹ kí wọ́n wò. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n ò rí ẹ̀rí kankan pé firewall yín bàjẹ́, n ò sì rí ẹ̀rí pé ó kéré. Ohun tí mo rí ni pé lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí fáírọ̀sì náà wọlé, gbogbo ọ̀nà tó tún rìn ò gba ọ̀dọ̀ firewall kọjá rárá. Tí ẹ bá ra èyí tó jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, tí ẹ sì gbé e síbi tí èyí wà báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá lè tún ṣẹlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ tí firewall ń ṣe ò ṣòro láti lóye. Ó wà láàárín wáyà tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé àti switch tí gbogbo kọ̀ǹpútà yín so mọ́. Ohunkóhun tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, á wò ó pé àdírẹ́sì wo ló ti wá, èwo ló ń lọ, port wo, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ló sì fẹ́ gbà. Á wá wo àwọn òfin tí wọ́n kọ sínú ẹ̀, yálà kó jẹ́ kó kọjá tàbí kó dá a dúró. Látìgbà tí Check Point, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe firewall, ti gbé tiwọn jáde ní 1994 ni irú firewall tó ń rántí ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ ti di èyí tí gbogbo ayé ń lò: tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà inú ilé ló kọ́kọ́ béèrè nǹkan, firewall á jẹ́ kí èsì rẹ̀ wọlé, tó bá jẹ́ ará ìta ló ṣàdéédéé yọjú, á lé e. Òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè lo íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ ṣí ilé sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Òun náà ló sì jẹ́ kí fáìlì tí ọmọbìnrin yẹn ṣí rọ́nà wọlé. Kò sẹ́ni tó já ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà inú ilé yín ló lọ mú un wá, firewall sì gbà pé onílé ló ń béèrè ohun tó fẹ́. Lóòótọ́, àwọn firewall kan wà tó ń yẹ inú ohun tó ń kọjá wò, bóyá tiyín wà lára wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ni wọ́n ti tì pa pẹ̀lú HTTPS. Àfi tí wọ́n bá ṣètò firewall náà láti máa tú u wò, ibi tó ń lọ nìkan ló máa mọ̀, kò ní mọ ohun tó gbé dání. Ìtúwò yẹn náà ní wàhálà tiẹ̀: ó máa ń fa ìjáfara, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí kan, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ń pè ní certificate, sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kó tó lè ṣiṣẹ́. N kì í gba ilé iṣẹ́ kékeré nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo inú ilé. Ká ní kọ̀ǹpútà ibi ìsanwó ní àdírẹ́sì 192.168.1.23, tí server sì ní 192.168.1.10. Nígbà tí 23 bá fẹ́ bá 10 sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì náà, á rí i pé inú ẹ̀ka kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ó máa kígbe sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé, "Ta ni 10?" Server á dáhùn pé, "Èmi ni, nọ́ńbà ẹ̀rọ mi nìyí." Láti ìgbà náà lọ, switch lá máa gbé ọ̀rọ̀ wọn láti ojú wáyà kan sí èkejì. Kò sígbà kankan tí wọ́n bi firewall léèrè, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi máa bi í. Odi tí wọ́n mọ yí Ìbàdàn ká láyé Balógun Ìbíkúnlé ní ẹnubodè, oníbodè sì wà níbẹ̀ tó ń wo ẹni tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí ará Ọjà'ba bá gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́ tó ń lọ sí Òkè Àrẹ̀mọ, oníbodè ò lè mọ̀, torí ẹni náà ò gba ẹnubodè kọjá. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń tàn lára firewall yín tí kò sì sọ nǹkan kan. Tí ẹ bá ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé ọjọ́ náà mọ́ nigínnigín lójú tiẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kó sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, fáírọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry tàn káàkiri ayé. Port 445, tí Windows fi ń pín fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, ló ń gbà wọlé, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan: tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, á fúnra rẹ̀ wá èyí tó kàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kan nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, òmíràn tí wọ́n ń pè ní NotPetya wọ Maersk, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Denmark, nípasẹ̀ sọ́fíwíà ìṣirò owó kan tí wọ́n ń lò ní Ukraine. Láti ibẹ̀, ó tàn dé ọ́fíìsì wọn káàkiri ayé. Alága wọn sọ lẹ́yìn náà pé server 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n ní láti tò padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo server tó ń dá orúkọ àti password àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ló run, àfi ọ̀kan ṣoṣo tó wà ní Ghana. Iná ló lọ níbẹ̀ kí fáírọ̀sì náà tó dé, server náà sì wà ní pípa. Látara ẹ̀ ni wọ́n ti ri ìdí nǹkan padà. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn oníbàárà mi torí pé àwa tí a mọ bí iná ṣe ń lọ ló yẹ kó yé jù: kì í ṣe agbára firewall ló gba Maersk là. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé apá kan já kúrò lára ìyókù. Ohun tí iná ṣèèṣì ṣe fún wọn, a lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ara wa, kí iná sì máa tàn.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ká pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, kí ẹ̀ka kan má lè dé ọ̀dọ̀ èkejì àfi tó bá gba ọ̀dọ̀ firewall kọjá. Ohun tí a fi ń pín in ni VLAN. Switch kan náà lẹ máa lò, ṣùgbọ́n ẹ máa sọ fún un pé ihò 1 sí 8 jẹ́ ti ẹ̀ka kan, 9 sí 12 jẹ́ ti òmíràn, á sì máa ṣe bíi pé switch méjì tí kò mọra ni wọ́n. Switch yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ṣeé wọ inú ẹ̀ láti kọ òfin sí. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà káàkiri, tó jẹ́ pé ẹ kàn máa ki wáyà bọ̀ ọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ VLAN. Ẹ yẹ tiyín wò kí ẹnikẹ́ni tó gbowó lọ́wọ́ yín.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé àwọn ti pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á fún láàbù ní 192.168.2, wọ́n á fún ibi ìsanwó ní 192.168.1, wọ́n á wá so gbogbo rẹ̀ mọ́ switch kan náà láìsí VLAN. Àdírẹ́sì ló yàtọ̀, wáyà ò yàtọ̀. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan lè yí àdírẹ́sì tiẹ̀ padà kó sì bọ́ sí èkejì. Àwọn mìíràn á dá Wi-Fi kejì sílẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ ní "Guest", password rẹ̀ sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ráútà, orúkọ méjèèjì ń já sí ibì kan náà. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ṣe VLAN lóòótọ́, tí wọ́n ṣe é dáadáa, tí wọn ò wá kọ òfin kankan. Lórí MikroTik tó pọ̀ lọ́wọ́ wa níbí, tí ẹ bá dá VLAN márùn-ún sílẹ̀ tí ẹ sì fún wọn ní àdírẹ́sì, ráútà náà á máa gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì wọ́ọ́rọ́wọ́ títí tí ẹ fi máa kọ òfin tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó ti lọ, iṣẹ́ ti lọ, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n ṣì wà. Àwọn kan tún gbà pé torí pé àdírẹ́sì inú ilé àwọn jẹ́ 192.168, kò sẹ́ni tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn láti ìta. Ó lè ṣòro fún ará ìta lóòótọ́, àmọ́ kò kan ohun tó ti wọlé tán.

Ilé ìwòsàn tó tó tiyín, ẹ̀ka márùn-ún tàbí mẹ́fà ni mo máa ń pín in sí, n kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tí a bá pín kọjá agbára ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀, láìpẹ́ á máa ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí ìsinmi. Server tí àkọsílẹ̀ aláìsàn wà á dá wà lẹ́ka tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́, ti dókítà, ti nọ́ọ̀sì àti ti ibi ìsanwó, á wà ní ẹ̀ka kan. Àwọn ẹ̀rọ ìṣègùn, láàbù àti X-ray, á wà ní tiwọn. Kámẹ́rà á ní tiẹ̀. Wi-Fi àlejò á ní tiẹ̀. Tí agbára bá sì gbé e, ẹ̀ka kan tí a ó ti máa wọ switch, ráútà àti firewall fúnra wọn, kó má jẹ́ pé láti orí fóònù aláìsàn ni èèyàn á ti máa gbìyànjú password wọn. Òfin tí a máa fi bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn ò ju ọ̀kan lọ: ohun tí a ò bá dárúkọ, kò gbọdọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà la ó wá máa dárúkọ. Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ server lórí port kan ṣoṣo tí sọ́fíwíà àkọsílẹ̀ yín ń lò. Ojú ewé tí wọ́n ń ṣí pẹ̀lú Chrome ni ọ̀pọ̀ irú sọ́fíwíà bẹ́ẹ̀, 443 sì tó fún ìyẹn. Port 445 kò gbọdọ̀ ṣí sí server náà. Ẹ wo bí ìyẹn ìbá ṣe rí lóṣù tó kọjá: fáírọ̀sì ti wọ ibi ìsanwó, ó ń wá fóódà tó pín káàkiri kó lè ti fáìlì inú ẹ̀ pa, firewall á sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà server. Ibi ìsanwó lè bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ aláìsàn á ṣì wà.

Ti láàbù ló gbẹgẹ́ jù. Ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft dá àtúnṣe ààbò Windows 7 dúró fún gbogbo èèyàn. Mo sì mọ̀ pé ẹ ò kàn lè pa á rẹ́ kẹ́ ẹ fi tuntun sí i, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà máa ń sọ pé sọ́fíwíà àwọn ò ní ṣiṣẹ́ lórí òmíràn, ẹ̀rọ tuntun sì lè gba owó tí ẹ ò ní. Irú ẹ̀rọ báyìí gan-an ni pínpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì wúlò fún jù. Ẹ má jẹ́ kó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kó lè fi èsì ránṣẹ́ sí server, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ pé oníṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà láti Èkó nílò láti máa wọlé látọ̀nà jíjìn pẹ̀lú AnyDesk tàbí TeamViewer. Ẹ gbà fún un, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i lọ́jọ́ tó bá pè, kẹ́ ẹ sì tì í padà nígbà tó bá parí. Ní 2013, àwọn olè tó jí nọ́ńbà káàdì tó tó mílíọ̀nù 40 ní Target, ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, password ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe ẹ̀rọ amúǹkantutù ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọlé, wọ́n sì rìn láti ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Ní ti X-ray, ìkìlọ̀ kan wà. Àwòrán rẹ̀ máa ń wúwo. Tó bá jẹ́ pé firewall kékeré ni gbogbo àwòrán gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú wọn sí, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ó ń falẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ náà àti ibi tí àwòrán ń lọ sínú ẹ̀ka kan náà. Níbi yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ní firewall yín kéré lè ní ìtumọ̀, torí láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀rọ̀ inú ilé náà á máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Kámẹ́rà tí ọ̀gá ń wò látilé, ẹ bi ẹni tó ṣe é bóyá ó ṣí port láti ìta wọlé fún un lórí ráútà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, lónìí ni kẹ́ ẹ tì í, ẹ má dúró de ìgbà tí owó switch bá jáde. Ní 2016, fáírọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai kó kámẹ́rà àti àpótí tí wọ́n fi ń gba àwòrán wọn sílẹ̀ káàkiri ayé, kìkì nípa gbígbìyànjú àwọn password tí wọ́n bá wọn jáde láti ilé iṣẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi wọ́n kọ lu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà sí àwọn ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì, títí tí Twitter àti àwọn mìíràn ò fi ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀gá ṣì lè máa wo kámẹ́rà rẹ̀: kí wọ́n ṣe VPN, ọ̀nà tí wọ́n tì pa tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, sórí fóònù rẹ̀. Ó máa ní láti tẹ nǹkan kan sí i kó tó rí àwòrán, ó lè kọ́kọ́ bínú.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé ò kọ́ni tó jẹ́ pé Ìbàdàn ló kọ́ mi. Àkọ́kọ́ ni iná. Lórí irú switch bíi ti Cisco, ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ tẹ̀ sí i á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá fi pamọ́, ọjọ́ tí iná bá lọ tí inverter sì kú, gbogbo rẹ̀ á parẹ́. Iná dé, gbogbo kọ̀ǹpútà tún ń rí ara wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ torí iṣẹ́ ń lọ geerege. Mo ti rí i ní ilé iṣẹ́ kan ní Bódìjà tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ní kó pa switch náà níṣojú yín, kó tún un tàn, kó sì fi hàn yín pé òfin ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó rẹ̀ tán. Èkejì ni MiFi. Lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣe ségesège, òṣìṣẹ́ á yọ MiFi tàbí fóònù tiẹ̀, á so kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà yẹn ti ní ọ̀nà tirẹ̀ dé ìta, firewall ò sí lójú ọ̀nà náà. Ẹ má bínú sí i, torí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ wá íntánẹ́ẹ̀tì kejì tó máa gba inú firewall kan náà wọlé, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé ìdí fún wọn. Ẹ̀kẹta ni wáyà: ẹnì kan nílò ihò sí i nínú yàrá, ó ra switch kékeré, ó fà á láti ibikíbi tó bá rí, ó sì so láàbù pọ̀ mọ́ Wi-Fi àlejò láìmọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ka sára wáyà kọ̀ọ̀kan.

Firewall kan sì wà tí ẹ ti ní láìsan kọ́bọ̀, ìyẹn èyí tó wà nínú Windows. Láti ọdún 2004 ló ti máa ń wà ní títàn fúnra rẹ̀. Àmọ́ tí printer tí wọ́n jọ ń lò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká pa á, a ò sì ní rántí tàn án mọ́. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì kọ òfin sí i pé kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kan ò gbọdọ̀ gba port 445 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mìíràn. Nínú ẹ̀ka kan náà tí firewall ńlá ò ti lè ríran, òun lẹ ní. Tó bá jẹ́ pé owó tán pátápátá, ibí yìí ni mo máa ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa rà, ẹ ti ní firewall. Ẹ bi ẹni tó tà á bóyá ó mọ VLAN, bóyá àsansílẹ̀ ọdọọdún rẹ̀ sì ti parí. Dọ́là ni wọ́n fi ń ka iye ọ̀pọ̀ àsansílẹ̀ yẹn, tí kò bá sì sí mọ́, òfin port àti àdírẹ́sì á máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ kò ní máa gba ìròyìn nípa fáírọ̀sì tuntun. Ìyẹn ò burú tó bí wọ́n ṣe máa fi dẹ́rù bà yín, torí pínpín tí mò ń sọ ò nílò àsansílẹ̀. Switch tó mọ VLAN ló ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní láti rà, àti ẹ̀rọ Wi-Fi tó lè gbé orúkọ méjì sórí VLAN méjì. Tí firewall yín ò bá wá mọ VLAN lóòótọ́, ráútà MikroTik tàbí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ tí a fi OPNsense, sọ́fíwíà tó ń ṣiṣẹ́ firewall, sí lè ṣe é lówó tó mọ níwọ̀n. Owó tó bá ṣẹ́ kù fún yín níbẹ̀, ẹ fi san ẹni tó máa kọ òfin náà dáadáa tó sì máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ò fẹ́ fi owó ilé ìwòsàn ra orúkọ ńlá tí ẹnikẹ́ni ò ní wọ inú ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé.

Mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé èyí tán gbogbo wàhálà. Ohun tí ẹni tó ń gbowó lẹ́tọ̀ọ́ láti dé, olè tó bá jí orúkọ àti password rẹ̀ lè dé e. Pínpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dá fáírọ̀sì dúró kó má wọlé, bó ṣe máa tàn ló ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà fáìlì yín lórí hard drive tí wọ́n ń yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, torí èyí tó bá wà lára ẹ̀ nígbà gbogbo, fáírọ̀sì á kó òun náà. Kí ẹnì kan sì máa gbìyànjú láti dá fáìlì padà látinú ẹ̀ lóòrèkóòrè. N ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà n ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé orí port 445 ni tiyín gbà. Ẹ lè fúnra yín yẹ apá kan wò lọ́la. Ẹ so fóònù yín mọ́ Wi-Fi tí ẹ ń fún aláìsàn, ẹ ṣí Fing tàbí irú áàpù bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wá gbogbo ohun tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá rí orúkọ kọ̀ǹpútà ibi ìsanwó, kámẹ́rà tàbí server lójú fóònù, ohun tí aláìsàn èyíkéyìí tó jókòó níwájú gbọ̀ngàn lè rí náà nìyẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tún un ṣe. Orúkọ ráútà àti ti fóònù tó so mọ́ Wi-Fi yẹn nìkan ló yẹ kó jáde.

Fáìlì tí wọ́n tì pa, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fọ hard drive náà. Ẹ lọ sí nomoreransom.org, tí Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, àti ọlọ́pàá ilẹ̀ Netherlands wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2016. Ẹ lè fi fáìlì kan tó ti bàjẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n sọ fún yín bóyá kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ wà fún irú èyí. Fún àwọn kan ó wà, fún àwọn mìíràn kò sí. Ní ti owó tí wọ́n ń béèrè, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí fún yín pé wọ́n máa fún yín ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá san án, tàbí pé wọn ò tíì kó ẹ̀dà lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yẹn ló sì mú mi rántí òfin. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn sí dátà tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Tí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá lè ṣàkóbá fún àwọn aláìsàn yín, wákàtí 72 lẹ ní, láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀, láti fi tó àjọ Nigeria Data Protection Commission létí. Oṣù kan ti kọjá. Ẹ bá agbẹjọ́rò yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má dúró de onímọ̀ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ kọ́kọ́ rí i sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.